Ohun Tí Jayéọlá Kò Lè Sọ fún Ọ̀gá Rẹ̀

Bí ẹ bá ń wá mẹkáníìkì tó máa ń pariwo, ẹ má lọ sọ́dọ̀ Jayéọlá. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti mọ̀ ọ́n, n kò gbọ́ kí ó gbé ohùn sókè rí, àfi ọjọ́ tí jáàkì yẹ̀ tí ọkọ̀ fẹ́ẹ́ jókòó lé ẹnì kan lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo máa ń pariwo níbi iṣẹ́ rẹ̀. Tíṣà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Ìṣirò nílùú Ọ̀yọ́, ẹni tó bá sì ti fi irú ìgbà bẹ́ẹ̀ fa ìlà pupa sábẹ́ àṣìṣe ọmọ ọlọ́mọ, kò lè rí àṣìṣe kó dákẹ́ mọ́. Ọkọ mi, Daniel, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé bí èmi Comfort bá dé ọ̀run, màá ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìwé ìyè wá kí n yẹ sípẹ́lì inú rẹ̀ wò.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́ ni Jayéọlá. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, Ṣàngówùnmí, ilé oníṣàngó sì ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí bàbá náà kú. Ìyá rẹ̀ kò rí owó ilé ìwé san mọ́, ló bá mú un lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó fà á lé mẹkáníìkì kan lọ́wọ́, Ifágbèmí ni orúkọ rẹ̀. Ọdún kejì tó débẹ̀ ni èéyi kọlù ú. Ojú rẹ̀ wú, kò lè dìde, ìyàwó ọ̀gá kò sì sí nílé lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló wá ọ̀já aya rẹ̀ jáde, ó pọ̀n ọmọkùnrin náà sẹ́yìn bí ìyá ìkókó, ó sì rìn já àárín ìlú lọ sí ọsibítù, pẹ̀lú epo ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Jayéọlá sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, ó sì yí ojú rẹ̀ sí ibòmíràn nígbà tó ń sọ ọ́.

Lẹ́yìn tó gba fírídọ̀mù, ó padà sí Ọ̀yọ́, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó fẹ́ Àyọ̀kẹ́, wọ́n bímọ. Ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé ló ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́. Òjò ìbáà rọ̀, kí oníbàárà máa bínú, ìbáà jẹ́ pé èmi gan-an ni mo dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo fi ọwọ́ mú ìbàdí, á lọ. Àyọ̀kẹ́ máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ìyàwó kejì ọkọ òun wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, irùngbọ̀n funfun ló ní.

Jíìpù tó fa ọ̀rọ̀ yìí, ọkọ mi ló fi sílẹ̀ fún mi, pẹ̀lú oko kajú kan lẹ́yìn Ìkòyí-Ilé. Oko náà dára, ọ̀nà rẹ̀ ni kò dára. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹrẹ̀ ibẹ̀ máa ń gbé mọ́tò mì, ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà nìkan ló lè kọjá. Níbẹ̀ ni wọ́n sì sin ọkọ mi sí. N kì í fẹ́ kí oṣù kan kọjá kí n má débẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, jíìpù bẹ̀rẹ̀ sí í ké lábẹ́, táyà iwájú kò fà mọ́. Jayéọlá dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó jáde, ó nu ọwọ́.

"Mọ́mì, tiransífà ni."

Bí n kò bá ṣàlàyé, ẹlòmíràn á rò pé lẹ́tà tí ìjọba fi ń gbé tíṣà láti ìlú kan lọ sí òmíràn ni mò ń wí. Àpótí irin ni, ẹ̀yìn gíàbọ́ọ̀sì ló ń gbé lábẹ́ ọkọ̀. Òun ló ń gba agbára ẹ́ńjìnnì tó ń pín in fún táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ọ̀pá irin gígùn méjì ló fi ń pín in, pùròpẹ́là ni wọ́n ń pè wọ́n, ọ̀kan lọ síwájú, ọ̀kan lọ sẹ́yìn. Ti jíìpù wa yìí, ṣéènì inú rẹ̀ ló ti yọ̀, tó sì ti ha inú àpótí náà jẹ. Jayéọlá ní kò ṣeé tún ṣe, irú rẹ̀ gan-an kò sì sí lọ́jà mọ́. A ní láti wá ti jíìpù mìíràn, ti àtijọ́ tí kì í lo ṣéènì, eyín lásán ló fi ń ṣiṣẹ́, kí a sì mú un bá ọkọ̀ wa mu.

"Ṣé o ti ṣe irú ẹ̀ rí?" ni mo bi í.

"A máa kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi ná, mà. Àwọn ló máa mú èyí tó bá a mu."

Inú bí mi. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta, tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun, kó tó tú irin á lọ bi ọ̀gá léèrè! Mo sọ ọ́ sí i lójú bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mọ́mì, bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o."

A rọra wa jíìpù náà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Túsìdeè, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń fà. Mo ti ránṣẹ́ sí àbúrò mi tó ń gbé níbẹ̀ pé màá sùn lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọgbà mẹkáníìkì Bàbá Ifágbèmí kò jìnnà sí Under G, níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì ń gbé. Àwọn mẹ́fà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àmọ́ òun ni olórí gbogbo wọn. Jayéọlá kò tíì pa ẹ́ńjìnnì tán tó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tí epo dúdú ti mu yó, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí Àyọ̀kẹ́ fọ̀. Bàbá náà ga, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó dúró ṣánṣán.

"Jayéọlá nìyẹn. Dìde, ọmọ mi. Ta lo mú wá?"

"Mọ́mì tíṣà ni, bàbá. Àwọn tí mò ń sọ̀rọ̀ wọn fún yín."

"Ẹ káàbọ̀, màmá. Ẹ kú ọ̀nà o."

Mo kí i padà. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, ẹ̀gbẹ́ etí mi ló ń wò, kò wo ojú mi. Mo sọ ọ́ sínú pé bàbá yìí gbéra ga o. Ẹ foríjì mí. Mo máa ń yára fún ènìyàn ní máàkì.

A lọ sí Sábó lọ́jọ́ náà gan-an, sọ́dọ̀ Àlàájì kan tó ń ta ògbólógbòó ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ìran Haúsá ni, àmọ́ Sábó ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì dára ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo kọ́ lọ. Ó ní kí wọ́n gbé tiransífà mẹ́rin jáde, wọ́n dà wọ́n sílẹ̀. Bàbá Ifágbèmí lóṣòó tì wọ́n. N kò rí irú rẹ̀ rí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì pa àpótí kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi èékánná àtàǹpàkò ka eyín rẹ̀, ó mi ọ̀pá inú rẹ̀, ó sì fi etí sí i. Ó ti ìkíní sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ó ti jẹ. Ó ti ìkejì. Nígbà tó dé ẹ̀kẹta, ó pẹ́ lórí rẹ̀.

"Èyí," ni ó wí.

Àlàájì wúkọ́, ó wo Jayéọlá. Jayéọlá wo ilẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá," ló sọ níkẹyìn.

Mo rí gbogbo rẹ̀. Mo rò pé òun àti Àlàájì ti jọ ní nǹkan lábẹ́ aṣọ ni, mo sì pinnu pé ojú mi kò ní kúrò lára wọn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Jayéọlá ti tú tiransífà àtijọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, ó yẹ kó máa gbé tuntun sókè. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. Ó ní bóòtù kan kò dára, ó rán ẹnì kan lọ ra òmíràn. Nígbà tí bóòtù dé, ó tún ń fọ tiransífà. Bàbá Ifágbèmí jókòó sórí àga lábẹ́ igi odán, ó ń sọ ìtàn ọkọ̀ akẹ́rù tó tún ṣe nígbà ayé Gówọ́ọ̀nù, inú rẹ̀ dùn. Ara mi kò gbà á mọ́. Mo ká aṣọ mi sókè díẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo yọjú sábẹ́ jíìpù.

N kò mọ̀ nípa ọkọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí táyà iwájú wà ní apá ọ̀tún ọkọ̀. Ẹnu tó yẹ kí ọ̀pá náà wọ̀ lára àpótí tí bàbá mú, apá òsì ló wà. Kódà ọmọ kíláàsì kìíní á rí i pé àwọn méjèèjì kò lè pàdé láé.

"Jayéọlá!" ni mo kígbe. "Èyí tẹ́ ẹ mú yìí, kò..."

Ó gbójú sókè sí mi. Láàárín ọdún mọ́kàndínlógún, n kò rí ojú yẹn lára rẹ̀ rí. Ó pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, pẹ̀lú epo lára wọn, ó fi ń bẹ̀ mí láìsọ̀rọ̀. Mo wo ẹ̀yìn. Gbogbo ẹni tó wà nínú ọgbà ló ń wò mí, ojú kan náà ni gbogbo wọn ń fi bẹ̀ mí.

"Kí lẹ rí, màmá?" ni Bàbá Ifágbèmí béèrè láti abẹ́ igi.

Mo rántí ọjọ́ kan tí ọkọ mi ń sọ ìtàn fún àwọn ẹ̀gbọ́n wọn, tí mo dá sí i láti tún ọdún tí wọ́n pè ṣe. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo gba máàkì, ṣùgbọ́n wọn kò parí ìtàn náà. Títí dòní n kò mọ bó ṣe parí.

"Kò sí nǹkan, bàbá," ni mo dáhùn. "Èèrà ló gé mi jẹ."

Nígbà tí bàbá jẹun ọ̀sán tán, ó wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ọgbà lọ láti rẹjú. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí Jayéọlá àti ẹnì kan ti gbé tiransífà náà sínú kẹ̀kẹ́ Márúwà. Mo wọlé tì í, n kò gbàyè. Sábó la tún forí lé. Nígbà tí Àlàájì rí wa, kò bi wá ní ohunkóhun. Ó lọ sí igun kan, ó ká àpò ìdọ̀họ kan kúrò, tiransífà ẹ̀kẹrin wà níbẹ̀, ó ti nù ún mọ́ tónítóní. Apá ọ̀tún ni ẹnu rẹ̀ wà.

"Àná ni mo ti gbé e pamọ́," ni ó wí. "Ẹ kú sùúrù pẹ̀lú Bàbá, Jayéọlá. Ọlọ́run á san án fún yín."

Ẹnu yà mí. Kẹ̀kẹ́ kò tíì rìn jìnnà tí mo dojú kọ ọ́.

"Jayéọlá, kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

Ó gbé ọwọ́ lé àpótí irin tó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá ò ríran mọ́, mà. Ọdún mẹ́ta rèé. Àwọn dókítà ní àìsàn tó ń jẹ ojú díẹ̀díẹ̀ ni, pé èyí tó ti lọ ò lè padà. Òjìji lásán ni wọ́n ń rí báyìí. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n rò pé a ò mọ̀."

"Ọwọ́ tí wọ́n fi mú un lánàá ńkọ́?"

"Ọwọ́ wọn ṣì dáa ju ojú tèmi lọ. Àwọn tó gbé e jáde fún wọn ló dojú ẹ̀ délẹ̀, ọ̀tún wá bọ́ sí òsì. Ojú ì bá rí i. Ọwọ́ ò mọ̀."

Mo wá mọ ìdí tí bàbá fi ń wo ẹ̀gbẹ́ etí mi, ojú tì mí fún ohun tí mo sọ sínú. Jayéọlá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, bíi pé ohun tó ti há a lọ́fun tipẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀nà. Gbogbo iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ bá ṣe láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, bó bá di Sátidé tí bàbá ti lọ sílé, òun á tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dára, á fi í sílẹ̀. Èyí tí kò bá dára, á tún un ṣe. Àwọn ará ọgbà ló ń dá ọkọ̀ dúró de òun, wọ́n á máa purọ́ fún oníbàárà pé ọ̀dà kò tíì gbẹ tàbí pé bátìrì ń gba iná.

"Irú iṣẹ́ tèmi yìí, ṣé o ti ṣe é rí?"

"Mo ti ṣe mẹ́ta, mà," ló wí, ó sì tẹ orí ba. "Mo kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé a ṣì nílò wọn ni."

Bí mo ti ń gbọ́ ọ, ọkàn mi rọ̀, inú sì ń bí mi lẹ́ẹ̀kan náà. "Búréèkì ńkọ́?" ni mo bi í.

"Búréèkì ni mo kọ́kọ́ máa ń wò."

"Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ ní Fúráídè tipátipá ńkọ́? Ọjọ́ tí ara rẹ kò bá yá ńkọ́? Jayéọlá, ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ èèyàn ni o!"

"Mo mọ̀, mà. Mi ò lè sùn dáadáa."

"Sọ fún un nígbà náà! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ìwọ kò bá lè sọ ọ́, èmi á sọ ọ́."

Ó di ọwọ́ mi mú. Kò ṣe irú rẹ̀ rí.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Ọkùnrin tó pọ̀n mí ni. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti fà mí lé wọn lọ́wọ́, mi ò dáhùn 'rárá' sí wọn rí. Iṣẹ́ yìí nìkan ló kù fún wọn. Tí mo bá gbà á lọ́wọ́ wọn, kí ló kù fún wọn?"

Mo fi gèlè nu ojú, mo sì sọ fún un pé eruku ni.

Nígbà tí a dé ọgbà, gbogbo wọn gbá jọ lé iṣẹ́ náà lórí. Bàbá ṣì ń sùn, ariwo irin kì í jí i. Ẹni tó ń jó irin gé pùròpẹ́là ẹ̀yìn kúrú ní ìwọ̀n àtàǹpàkò kan nítorí pé àpótí tuntun gùn ju ti àtijọ́ lọ. Ẹlòmíràn lu ihò sí ilẹ̀ ọkọ̀ fún ọ̀pá tí awakọ̀ á máa fi yí i. Wọ́n gbé tiransífà náà sókè lórí jáàkì, Jayéọlá sì darí rẹ̀ wọlé pẹ̀lú àyà. Pùròpẹ́là iwájú wọ ẹnu ọ̀tún náà wẹ́rẹ́. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo gbé e. Ó wá ku kí Jayéọlá fún àwọn bóòtù tó so ó mọ́ gíàbọ́ọ̀sì le, ni ilẹ̀kùn yàrá dún.

Bàbá Ifágbèmí ti jí. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ wá páálí tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lé e, ó sì fi ẹ̀yìn wọ́ wọ abẹ́ jíìpù lọ bá ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ń lu irin nítòsí dáwọ́ dúró. Gbogbo ọgbà dákẹ́. Mo rò pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló tú wọn fó, nítorí pé ibi tí ènìyàn mẹ́fà ti ń ṣiṣẹ́ kì í dákẹ́ báyẹn lásán.

Ẹsẹ̀ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan ni mò ń rí níbi tí mo dúró sí. Mo gbọ́ bí ọwọ́ bàbá ṣe ń pa irin náà, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ó dúró lójú kan.

"Jayéọlá."

"Bàbá."

"Èyí tí mo mú lánàá ní Sábó, ṣé òun rèé?"

Mo mọ ohun tí gbogbo wọn ń retí kó sọ. Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, gbólóhùn kan péré, gbogbo nǹkan á sì máa lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀ títí di ọjọ́ tí búréèkì kan bá já. Ọ̀rọ̀ ti dé etí ahọ́n mi. Mo fi eyín dì í mú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi láti sọ.

"Rárá, bàbá," ni Jayéọlá wí.

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé n kò gbọ́ ọ dáadáa.

"Ibo ni ẹnu tèmi wà?"

"Apá òsì. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ fún yín ni."

"Àlàájì mọ̀?"

"Ó mọ̀, bàbá."

"Àwọn ará ibí ńkọ́?"

"Gbogbo wa la mọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwọn iṣẹ́ tó ti ṣe, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rántí gbogbo wọn.

"Ọkọ̀ alápatà tí mo ṣe búréèkì ẹ̀ ṣáájú ọdún Kérésì?"

"Mo tún un ṣe ní Sátidé, bàbá."

"Ti ọmọ yunifásítì tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Mo tún ìyẹn náà ṣe."

"Gíàbọ́ọ̀sì bọ́ọ̀sì àwọn Kátólíìkì?"

"Ìyẹn dáa, bàbá. Mi ò fọwọ́ kàn án. Kò sí bí mo ṣe lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀."

Bàbá mí kanlẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹkún ni. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ń sunkún lábẹ́ jíìpù mi, èmi náà ń sunkún níta, n kò sì wá eruku mọ́.

"Mo rò pé èmi ni mò ń fi pa mọ́ fún yín," ni ó wí. "Jayéọlá, o ò mọ bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí. Tí mo bá di búréèkì ẹnì kan, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi títí màá fi gbóhùn onítọ̀hún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọdún mẹ́ta! Ká ní o ti sọ fún mi ni."

"Ẹ má bínú, bàbá. Ẹnu mi ni ò gbé e."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mo kọ́ ẹ pé ọ̀gá kì í ṣìṣe." Ó nu imú. "Irọ́ ni. Sípánà dà?"

Jayéọlá fi sípánà lé e lọ́wọ́.

"Mú ọwọ́ mi lọ síbi bóòtù náà."

Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, n kò wo aṣọ. Mo rí ọwọ́ Jayéọlá tó di ọwọ́ arúgbó náà mú, tó rọra gbé e gba abẹ́ irin kọjá, tó sì fi í lé orí bóòtù. Bàbá fà á. Ó tún fà á, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ.

"Ó ti le tó?"

Jayéọlá fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rí i tó la ẹnu, tó pa á dé, tó tún là á.

"Kò tíì le tó, bàbá."

Bàbá tún sípánà náà mú dáadáa, ó fà á.

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó ku díẹ̀, bàbá," ni ọmọ rẹ̀ wí, ọ̀gá sì tún fà á.